Ẹ̀rí Tí Leah Yára Jẹ́

Bí ẹ bá rí sùtánà funfun kan lọ́jọ́ Ìsinmi ní Òkè-Ṣópẹ́n, tí èjìká rẹ̀ jókòó dáadáa, tí etí rẹ̀ kò wọ́lẹ̀ níbì kan kó sì sókè níbòmíì, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rán an. Leah ni. Aránṣọ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé sùtánà kó má baà kọ́ni lẹ́sẹ̀ nígbà tí Ẹ̀mí bá gbéni, wọn ò pọ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì yá. Japheth ọkọ rẹ̀ ń la gẹdú ní sọ́míìlì lọ́nà Àgó-Ìwòyè. Ìyá Japheth ń bá wọn gbé, òun ni gbogbo ilé ń pè ní Màámi. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ìyá ọkọ àti ìyàwó kì í rẹ́, kó wá wo Leah àti Màámi níbi tí wọ́n ti jọ ń fá ewùrà ìkòkorè, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lára, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Efire ni wọ́n ti tọ́ Leah, létí ọ̀sà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá a. Ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lójú ìyá àgbà. Bó bá fi ọwọ́ òsì gba ẹja, pàṣán ni. Bó bá fi ọwọ́ òsì na abọ́ sí àgbà, pàṣán ni. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀tún fi gba gbogbo iṣẹ́, tí ọwọ́ òsì sì di èyí tó ń kó pamọ́ sẹ́yìn. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́, ó lọ́kọ, síbẹ̀ bí ọwọ́ òsì bá fẹ́ ṣáájú níwájú ẹni tó jù ú lọ, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ já fìrì ná. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí ẹ̀kọ́ ilé.

Àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ibà. Ara ń gbóná, ọrùn ń dùn ún, ó ń rù láìnídìí. Wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n lo oògùn táífọ́ọ̀dù, wọ́n se àgbo títí àmù ilé pàápàá fi ń rùn bí egbò igi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ apá wọ̀ ọ́. Bí Leah bá ń gé aṣọ, kò ní tíì gé e dé ìdajì tí apá ọ̀tún rẹ̀ á ti máa ro ó, tí á wúwo bí ẹni gbé ìtì igi, àfi kó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó sinmi. Ó ní sísọ́ọ̀sì ló kú. Ó gbé e fún Mọ́là tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri, ìyẹn pọ́n ọn. Kò pẹ́, ó tún gbé e fún un. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní sísọ́ọ̀sì tó lè fá irun orí rèé, kí ni Màdáàmù tún fẹ́ kí òun ṣe sí i?

Dókítà kan tó ń jẹ́ Sàláwù, ní ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà Ṣágámù, ló tú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin ni, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í pariwo. Ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Leah mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù, ó wá a títí. Ó rí ti òsì. Ti ọ̀tún, bí ẹni ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà ni. Ó ní kí Leah dùbúlẹ̀ níbi ẹ̀rọ síkáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. Leah ní òun ò lóyún. Dókítà ní òun mọ̀, pé ọrùn lòun fẹ́ wò. Ó da jẹ́ẹ̀lì tútù sí i lọ́rùn, sí abẹ́ egungun èjìká, títí dé abíyá, ó ń ti ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ohun tó ń rí hàn án lójú gíláàsì.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nídìí ọkàn lọ sí orí àti sí apá, ara wọn yẹ kó fẹ́lẹ́. Ti Leah ti wú. Ó nípọn yíká, ihò àárín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sì ti há. Dókítà Sàláwù ṣàlàyé pé àwọn ohun tó ń gbèjà wa nínú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń bá iṣan ara ẹni jà. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Oògùn wà tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà, ṣùgbọ́n oògùn náà á mú un lójú wú, ó sì máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún sọ fún un pé kó má fi bí ara ṣe ń ṣe é mọ̀ bóyá ó ti san, torí ara lè fúyẹ́ kí iṣan má tíì gbádùn. Àwòrán ló máa sọ òótọ́. Nítorí náà kó máa padà wá lóṣù mélòó kan síra, kí òun máa fi àwòrán tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Leah ń múra àtilọ, ó fi kún un pé bí wọ́n bá fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀ nílé, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, tí àìsàn yìí máa ń gbé sókè, ọwọ́ òsì ni kó máa nà fún wọn. Ó ní ti ọ̀tún á máa parọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé o, kò sì sí ẹni ibi kankan níbẹ̀. Ẹ fọkàn bá mi lọ.

Ṣágámù jìn, ẹnì kan ò lè máa lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ torí ìfúnpá. Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ni Leah ti ń wọn tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ ni Alájà Kúbúrá, ọ̀rẹ́ Màámi láti kékeré, ẹni tí kì í wo èèyàn láìkọ́kọ́ fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Leah débẹ̀, ó na ọwọ́ òsì gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe wí. Alájà wo ọwọ́, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, “Leah, ọwọ́ òsì kẹ̀? Ṣé a jọ ń jà ni?” Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kí Leah lanu nígbà náà kó ní Dókítà ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti já, pàṣán ìyá àgbà ti ta lẹ́yìn rẹ̀ láti Efire, kó tó mọ ohun tó ń ṣe ó ti fa òsì sẹ́yìn, ó ti na ọ̀tún. Òun náà rẹ́rìn-ín. Alájà di bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó ní ó dára. Bó ṣe di àṣà nìyẹn.

Oògùn náà sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ibà lọ, ọrùn kò dùn ún mọ́, ó ń jẹun. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná. Àwọn obìnrin ìjọ ń kí i kú ìsanra, wọ́n ní Japheth ń tọ́jú ìyàwó. Leah á rẹ́rìn-ín, á wọlé, á yí dígí dojú kọ ògiri. Ó dùn ún o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tàn ara wa, ojú obìnrin kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Bẹ́ẹ̀ sì ni, gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ Alájà, ìfúnpá ń wálẹ̀. Alájà á ní Alihamdulilahi, á máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyókù, á ní ẹ wo Leah, ẹni tó ń gbọ́ràn. Leah bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù fúnra rẹ̀. Ó dá a sí méjì, nígbà tó yá ó dá a sí mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ń fà padà. Nígbà tí ọjọ́ síkáànù pé, iṣẹ́ aṣọ ìkórè ìjọ wà nílẹ̀, ó ní òun á lọ tó bá yá.

Ọjọ́ ìkórè ló jẹ́rìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ìjọ Aládùúrà rí mọ ohun tí ẹ̀rí jẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ kó jókòó. Bí o bá ti dìde níwájú pẹpẹ tí o sọ pé Ọlọ́run ti ṣe é, ìjọ ti gbà á, ó ti di ti gbogbo wọn, wọ́n á máa fi í gbàdúrà fún ẹlòmíì. Leah dìde nínú sùtánà tuntun, ó ní àìsàn tó ní kí òun má rán aṣọ mọ́, Ọlọ́run ti ká a kúrò nílẹ̀, òun ti bọ́ pátápátá. Ilé ìjọsìn gbọ̀n. Màámi jó títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ó di Leah mú, ó ń yí i po, ó ń sunkún.

Bàbá Wòlíì Oyètọ́lá, olórí ìjọ wọn, kì í ṣe ẹni tó ń bá ilé ìwòsàn jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sílé nígbà kan níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kò ní í kú, kò sì gbàgbé. Lẹ́yìn ìsìn, ó pe Leah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè pé kí ni Dókítà wí. Leah ní Dókítà náà yin Ọlọ́run. Irọ́ gbuu. Kò tíì fojú kan Dókítà láti ìgbà pípẹ́. Ó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ báyìí ni, kò sì ríbi gbé e padà.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀rí náà tí sísọ́ọ̀sì tún kú.

Leah mọ̀. Kò gbé e fún Mọ́là mọ́, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Á gé aṣọ díẹ̀, á sinmi, á ṣe bí ẹni ń wá òwú. Bó bá gbójú sókè láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ilé á yí, ojú á ṣú, á sì là padà. Wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn ńlá pé ọjọ́ síkáànù rẹ̀ ti kọjá, ó ní òun ń bọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ bọ̀? Ẹni tó ti jẹ́rìí pé ó ti bọ́, kí ló tún ń wá lọ wò? Màámi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn pé Ọlọ́run Leah á dá wọn lóhùn. Japheth ń fi ẹnu kan náà yangàn ní sọ́míìlì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló fẹ́ kó èyí jọ?

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn, mi ò rò pé ilé ti yí mọ́ ọn lórí rí níbi tó ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Leah na sùtánà Màámi síwájú láti wo etí rẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ṣú pátá bí ẹni fa aṣọ bò ó. Kò là padà kíá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á dé eegun. Nígbà tí ojú náà là, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìtìjú, pé òun lè kú o, pé òun lè dùbúlẹ̀ kí apá àti ẹsẹ̀ má gbé mọ́, kí Màámi sì máa fi ṣíbí bọ́ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ nílé pé òun ń lọ ra aṣọ funfun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó gbé báàgì ńlá dání kí irọ́ náà lè pé. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ló ti wọkọ̀ Ṣágámù.

Dókítà Sàláwù kò bínú, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú túbọ̀ ti Leah. Ó wọn ìfúnpá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wálẹ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ. Ó gbé e sí òsì, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní kó dùbúlẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì tútù náà tún rèé, ẹ̀rọ náà tún rèé lọ́rùn, lábẹ́ èjìká, ní abíyá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fa àwòrán ti ọjọ́sí yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Kò sẹ́ni tó nílò láti kọ́ Leah bó ṣe máa wò ó. Aránṣọ ni, ó mọ aṣọ ẹlẹ́yọ kan yàtọ̀ sí aṣọ tí wọ́n fi òmíràn tẹ́ nínú. Ara iṣan apá náà ti nípọn sí i, ọ̀nà inú rẹ̀ ti di tín-ín-rín, èyí tó ń gba ọrùn lọ sórí náà ti ń wú bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Leah ní, “Ṣùgbọ́n ara mi le, Dókítà. Ìfúnpá mi sì ń wálẹ̀.”

Dókítà bi í pé ọwọ́ wo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Leah gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀. Dókítà wá fà sún mọ́ ọn, ó ní bí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀ọ́sì, rọ́bà gígùn tí omi ń gbà, èyí tó ń kán lẹ́nu rẹ̀ á dín kù, ẹni tó wà níwájú á rò pé omi ò le, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ wà, omi ń ti ọ̀ọ́sì kó bẹ́.

“Ìfúnpá rẹ kò wálẹ̀ rí,” ló wí. “Apá ọ̀tún ló ń dí. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń dúpẹ́ pé ó ń wálẹ̀, ibẹ̀ ló ń dí sí i.”

Leah dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo òkè àjà. Ó rántí Alihamdulilahi Alájà, ó rántí ijó ìkórè. Ó béèrè bóyá ojú òun á tún wú bí òun bá padà sídìí oògùn. Dókítà ní á wú, kódà òun máa fi oògùn mìíràn kún un. Leah ní gbogbo ìjọ ló máa rí i. Dókítà Sàláwù ń nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ní bí èyí tó ń lọ sórí bá dí bíi ti apá, ohun tí ìjọ máa rí á ju ojú wíwú lọ. Kò fi ohùn líle sọ ọ́.

Báàgì òfìfo ni Leah gbé wọlé nírọ̀lẹ́. Màámi ti lọ sípàdé àdúrà. Japheth béèrè aṣọ funfun. Leah jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọwọ́ ọ̀tún, ti oògùn tó ń dá sí méjì, ti ojú tó ṣú, ti irọ́ tó pa fún Bàbá Wòlíì. Japheth kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń ha ìyẹ̀fun pákó kúrò léèékánná, lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Èmi tí mò ń sùn tì ọ́ ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ yẹn dun Leah ju ti Dókítà lọ. Ọkùnrin náà dìde, ó bu omi fún un kó fi lo oògùn ọjọ́ yẹn, ó sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì.

Ó lọ bá Alájà Kúbúrá kó tó bá ẹlòmíì. Nígbà tí Alájà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, ó wá ìjókòó. Ó ní àwàdà lòun ṣe o, Leah, àwàdà lásán ni. Leah ní òun mọ̀. Alájà ní òun ni nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí òun béèrè ìdí, òun ò béèrè. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara wọn títí omijé fi bọ́ lójú Alájà, ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu ún. Lẹ́yìn náà ni Leah lọ bá Bàbá Wòlíì, ó sì jẹ́wọ́. Bàbá Wòlíì ní kò burú, òun fúnra òun á bá ìjọ sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní dójú tì í, Leah kò ní láti dìde rárá. Leah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, “Bàbá, ẹnu èmi ni mo fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu yẹn náà gbé e padà.”

Kò sọ fún Màámi. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó bọ́ sí yàrá rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń kọrin ìdúpẹ́, ó sì jáde padà. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti rí gèlè tó tú lọ́jọ́ ìkórè yẹn á mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ké sí ẹlẹ́rìí, Leah dìde. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kó tó dé iwájú. Ojú rẹ̀ ti ń wú bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Lọ́jọ́ ìkórè, mo sọ fún yín pé Ọlọ́run ti parí rẹ̀,” ló wí. “Kò tíì parí. Èmi ni mo sáré ṣáájú Ọlọ́run. Àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i lójú ẹ̀rọ. Mo dín oògùn mi kù, mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Mo purọ́ fún Bàbá Wòlíì. Mo ti padà sídìí oògùn báyìí, bí ojú mi bá tún wú, ẹ má kí mi kú ìsanra mọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà, kí ẹ sì máa bi mí bóyá mo ti lọ ṣe síkáànù mi.”

Kò sí Halelúyà. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Bàbá Wòlíì dìde, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà kúkúrú pé kí Ọlọ́run máa bá a lọ sílé ìwòsàn kó sì máa bá a bọ̀. Àwọn díẹ̀ ṣe Àmín. Leah padà síjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Màámi ò wò ó. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí sùtánà rẹ̀ títí. Leah rò pé ó tán, ó ní òun ti dójú ti ìyá yìí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi bí ilẹ̀ bá lè lanu.

Orin ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Màámi fà á láṣọ, ó ní kó bá òun jáde. Wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri ìta, níbi tí oòrùn kò dé. Màámi wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

“Leah, èmi náà ti dá tèmi dúró.”

Leah ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí.

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Láti ọjọ́ ìkórè. Mo ní Ọlọ́run tó ṣe tìẹ, kì í ṣojúsàájú. Mo kó o sábẹ́ ibùsùn.” Ó gbé ọwọ́ lé àtàrí rẹ̀. “Orí yìí sì ti ń fọ́ mi láti ìjẹta.”

Leah di ìyá náà lápá mú, ó sì ń rìn. Wọn ò padà wọlé gbé nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe wà nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ni wọ́n gba inú àdúgbò lọ sílé Alájà Kúbúrá. Àwọn èèyàn ń kí wọn, Màámi ń dáhùn, Leah ò gbọ́ ìkankan.

Alájà wo ojú Màámi lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ó mú un wọ yàrá, ó fa aṣọ ojú ilẹ̀kùn, ó ní kí Leah dúró ní pálọ̀. Leah dúró. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ bẹ́líìtì, ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde lára rẹ̀, ó tún gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Màámi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kúbúrá, má pe iye tó jẹ́ síta. Ọmọ yẹn wà ní pálọ̀. Á ní òun ló ṣe mí.”

Leah gbá aṣọ ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Ó ní, “Alájà, ẹ sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́.”

Màámi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alájà wo àwọn méjèèjì, ó sì sọ ọ́.